Olóǹtẹ̀ àti Mọ́tò Ọ̀ọ́dúnrún Ó Lé Kan

Ẹsẹ̀ Olóǹtẹ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ mọ́tò wà lórí pèpéle, ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ṣàjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún tí mọ́tò asáré wọn, alájòkóò méjì, kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú mọ́tò náà sí àárín, ìkẹtàdínlógún tí wọ́n ṣe, wọ́n sì fi okùn pupa yí i ká. Ọ̀gá na ìka sí i. Ó ní, "Ọ̀ọ́dúnrún péré la ṣe. Kò lé, kò dín."

Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ mọ́tò. Ó ní, "Ó lé."

Ọ̀gá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Ẹni tó tẹ nọ́ńbà sí i lára. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan ni. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, sà. Mo ń kàwé lọ́wọ́."

Ẹ̀ṣọ́ méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n fà á. Bàtà ọ̀tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún fà á. Bàtà òsì bọ́. Olóǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé bàtà, nítorí ó ti di irin abẹ́ mọ́tò mú bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i fà jáde, ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ ti ya láti ọrùn dé ìdí. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì kò gbé àwòrán ọ̀gá àgbà. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gbé, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún sì lu ní àtàǹpàkò.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Aránjókòó, ló kó bàtà méjèèjì, tó sì sin ín délé. Lójú ọ̀nà, ó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá lábẹ́ mọ́tò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà sí?"

Olóǹtẹ̀ ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ṣé nọ́ńbà máa ń rìn ni?"

"Rìn kíákíá, ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Ilé iṣẹ́ yẹn làwọn méjèèjì ti bá ara wọn pàdé. Aránjókòó ló ń rán awọ bo ìjókòó mọ́tò. Olóǹtẹ̀ ló ń tẹ nọ́ńbà sára ṣaasí, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo mọ́tò dúró. Irin mẹ́wàá ló ní fún iṣẹ́ náà, láti òdo dé ẹẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka àárín. Yóò gbé irin lé ojú ṣaasí, yóò fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan. Kì í gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tí èèyàn bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà á ní òjìji, á dà bí ẹni tó mutí yó tó ń gbá ògiri mú.

"Ọwọ́ mi ò ṣì rí." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án. Bí o bá kí i pé ẹ kúuṣẹ́, ohun tó máa fi dá ọ lóhùn nìyẹn. Bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tó wo aago.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n, tábìlì á máa gbọ̀n, ife á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ní ife mẹ́rìnlá ló gba ibẹ̀ lọ. Ní ọdún karùn-ún ìgbéyàwó wọn ló lọ ra ife onírin. Èyí náà ń rìn lọ sí etí, àmọ́ kì í fọ́, ariwo ló máa ń pa.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí mọ́tò yẹn ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Àwọn àkọ́kọ́ ní àmì tiwọn. Mẹ́fà tó ṣáájú kò ní ọwọ́ ìlẹ̀kùn níta. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ló gbàgbé, àwọn tó kàn án sì tẹ̀ lé àwòrán. O ní láti ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé kó o tó lè ṣílẹ̀kùn, bí ẹni tó ń jí nǹkan ara rẹ̀. Ìgbànú awọ ni wọ́n fi de bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dígí kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn, ó sì ń gbọ̀n débi pé bí mọ́tò kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, mẹ́ta lo máa rí.

Àmì tó tóbi jù ni ti ara mọ́tò. Ogún àkọ́kọ́, irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ni wọ́n fi ṣe ara wọn. Ogún géérégé ni wọ́n ra irin náà fún. Àwọn tó kù, irin líle ni. Olóǹtẹ̀ kì í jáde láìní òòfà nínú àpò ọ̀tún. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, irin líle ni, á kọjá lọ. Bí kò bá lẹ̀, ilẹ̀ ló máa bára ẹ̀. Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù wà nínú àpò òsì. Gbogbo èyí tó bá rí ló ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ líle, ìbáà jẹ́ fífúyẹ́, ṣùgbọ́n àwọn fífúyẹ́ ló máa ń wò pẹ́.

Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sáré. Olóǹtẹ̀ wà nílé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan tó gbọ́ ikọ́ náà lójú pópó. Ó sán aṣọ ìnura, ó sì sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Ó bá mọ́tò dé ìparí àdúgbò. Aṣọ ìnura ò bá a débẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó rí ọ̀kan níwájú ilé ìtajà ògùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí onímọ́tò. Ó nà gbalaja sí abẹ́ rẹ̀, ó yọ ìwé. Onímọ́tò jáde pẹ̀lú ògùn lọ́wọ́. Kò wo ilẹ̀, ta ni í wo ilẹ̀? Ó wọlé, ó tan iná sí i, ó lọ. Táyà ò kàn án, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí èéfín lọ tán, Olóǹtẹ̀ ṣì nà gbalaja sí àárín títì, ó ń wo sánmà, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ògùn sáré jáde. Ó ní, "Bàbá! Ṣé kò sí nǹkan?"

Olóǹtẹ̀ ní, "Igba ó lé mẹ́rin," ó sì ń kọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sáyà. "Bàbá ilé yìí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ mi, ẹ ò nà gbalaja báyìí fún bàbá mi."

"Bàbá rẹ ò ní nọ́ńbà lábẹ́."

Obìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rín ló pa á.

Gbogbo èèyàn gbà pé orí kunkun ló ń ṣe é. Aránjókòó náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí òǹkọ̀wé kan wá sílé Olóǹtẹ̀. Ọkùnrin onígíláàsì ni, ó ń kọ ìwé nípa mọ́tò náà láti orí ìkíní dé ìkẹyìn. Aránjókòó wà lórí àga lọ́jọ́ náà, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Òǹkọ̀wé ní, "Bàbá, ohun kan ló rú mi lójú. Ogún ni wọ́n ra irin fífúyẹ́ fún. Àmọ́ mo ti rí nọ́ńbà ogún, irin líle ni. Ìkọkàndínlógún ni irin fífúyẹ́ parí sí. Ara ẹyọ kan dà?"

Olóǹtẹ̀ dìde, ó lọ ti fèrèsé. Fèrèsé náà wà ní títì tẹ́lẹ̀.

"Mo rò pé ilé iṣẹ́ fẹ́ dán irin líle wò lára nọ́ńbà ogún ni," òǹkọ̀wé ní. "Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"Ṣé o ó mu omi?"

"Ẹ ṣé, sà." Ó mu ún. "Ẹ tún sọ pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan ni gbogbo ẹ̀. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kà á."

"Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ọ̀ọ́dúnrún ló wà lára ẹ̀. Báwo ló ṣe wá lé kan?"

"Òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Mo rí i lójú rẹ."

Ife omi mẹ́fà ni òǹkọ̀wé mu lọ́jọ́ náà. Ohun tó gbé lọ kò ju omi yẹn lọ.

Ọdún kejìdínlógójì lẹ́yìn tí mọ́tò kọ́kọ́ jáde ni obìnrin kan wa ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Aránjókòó ti ń rán ìjókòó mọ́tò. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Kò sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Ó jókòó síbẹ̀, ó di ìdarí mú, bí ẹni pé wọ́n máa já a gbà.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán ìjókòó àwọn mọ́tò yìí. Ẹ bá mi wo èyí. Ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú?"

"Ta ló pè é ní ayédèrú?"

"Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ni. Bàbá mi ló ni ín. Tuntun ló rà á, kò fún ẹlòmíì wà rí títí ó fi kú. Mo gbé e lọ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Akọ̀wé wọn wo abẹ́ ẹ̀, ó ní ìkẹtàdínlógún ló wà níbẹ̀. Ó ní ìkẹtàdínlógún wà nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó ní bàbá mi ló lọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ nọ́ńbà irọ́ sí i. Àtúnṣe aago ni bàbá mi ń ṣe, sà. Ogójì ọdún. Aago tó bá tún ṣe kì í fi ìṣẹ́jú kan tàsé. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n máa kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé wọn pé ayédèrú ló ń ṣe, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ họ nọ́ńbà náà kúrò."

Aránjókòó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó òsì. Níbi tí òwú ti parí, ó máa ń fi abẹ́rẹ́ gún un ní ẹ̀ẹ̀meje tó sún mọ́ra, kó má bàa tú. Ó kà á pẹ̀lú ìka. Méje ni.

Ó dìde. "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Sún sí ọ̀hún díẹ̀. Mo fẹ́ mú ọ dé ilé ẹnì kan."

Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Olóǹtẹ̀ ti sáré jáde, nítorí ó ti gbọ́ ikọ́ mọ́tò láti iyàrá. Òòfà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi kan ara mọ́tò, òòfà jábọ́. Ó ti wà nílẹ̀ kí òòfà tó balẹ̀.

Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì kọjá. Ẹsẹ̀ Olóǹtẹ̀ tó yọ síta kò gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń wo ẹsẹ̀ náà láti ọdún tó ti pẹ́ kò rí i kó dúró jẹ́ẹ́ rí. Ó di orí mú. "Ẹ gbà mí o! Ṣé ó ti kú ni?"

Wọ́n wá gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Kì í ṣe àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ náà rèé."

Nígbà tó jáde, ó wọlé, ó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Aránjókòó, nọ́ọ̀sì náà ń gbọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Pátákó kan wà nílé iṣẹ́ nígbà náà, ó lu ihò, èèkàn igi kékeré sì wà nínú rẹ̀. Bí Olóǹtẹ̀ bá tẹ nọ́ńbà tán, á sún èèkàn síwájú kan, kó lè mọ nọ́ńbà tó kàn. Á tún fi ẹfun kọ nọ́ńbà náà sára ògiri. Lọ́jọ́ tó tẹ ìkẹtàdínlógún, fèrè oúnjẹ dún kó tó sún èèkàn. Ó lọ jẹun. Ìgbà tó dé, ṣaasí mìíràn ti wà níwájú rẹ̀. Ó wo pátákó, ó rí mẹ́tàdínlógún, ó tẹ mẹ́tàdínlógún, ó sì tún kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, akọ̀wé ilé iṣẹ́ wá da nọ́ńbà ọjọ́ náà kọ. Ó rí mẹ́tàdínlógún méjì, ó rò pé ẹyọ kan náà ni ọkùnrin náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi apá aṣọ nu ọ̀kan nù.

"Mi ò mọ̀," Olóǹtẹ̀ ní. "Ìgbà tí mo tẹ ìkọkàndínlógún tán, àwọn tó ń lu ara mọ́tò ní irin fífúyẹ́ ti tán. Mo ní kò lè tán. Wọ́n ní wọ́n ti lo ogún. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mọ́tò méjèèjì ti lọ. Fọ́máànù ti ní ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kó máa lọ sílé, kó má dúró gba owó oṣù rẹ̀. Ìyàwó mi sì wà nínú oyún àkọ́bí."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìdí tẹ́ ẹ ṣe ń yí bíríbírí lórí ibùsùn láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Mo rò pé ìdun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo sá ibùsùn yẹn sóòrùn!"

Aránjókòó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Sátidé lọjọ́ náà. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ fún wọn."

Olóǹtẹ̀ dìde. Orúnkún rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀. "Kí n sọ kí ni? Gbogbo ìgboro ni mo sọ fún pé ọwọ́ mi ò ṣì rí. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n ń kọ́. Kí n wá fi ọjọ́ alẹ́ jẹ́ ẹlẹ́yà?"

"Ẹ̀yin ṣì wà láyé tẹ́ ẹ lè dáhùn. Bàbá ọmọ yìí ò lè dáhùn mọ́."

Nọ́ọ̀sì yọ òòfà tó hẹ níta, ó nù ún, ó gbé e lé tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ó kéré tán, mo ti mọ̀." Ó jáde, mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Olóǹtẹ̀ fi rìn. Ó rìn yí ilé ká, ó rìn yí àdúgbò ká, ó rìn dé iwájú ilé iṣẹ́, ó rìn padà. Ìyàwó rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tuntun ló jẹ títí ó fi kan ìbọ̀sẹ̀. Aránjókòó lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Títì ló ti bá a, ó sì ní láti máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

Sátidé pé. Ẹgbẹ́ onímọ́tò pé mọ́kànlélógún nínú yàrá ìpàdé. Nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́yìn pátápátá. Òǹkọ̀wé onígíláàsì náà wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ ti jáde, ó gbé e dání. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń ka ẹ̀sùn òkú. Ó ti kà á dé ibi "aṣẹ̀tàn" tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Olóǹtẹ̀ wọlé, Aránjókòó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé rí i, ó mí kanlẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan la wà lórí ẹ̀ lónìí. Ẹ jókòó."

"N kì í jókòó. Òun gan-an lẹ wà lórí ẹ̀. Mọ́tò obìnrin yìí ló lé."

"Ẹ̀rí dà?"

Olóǹtẹ̀ yọ nǹkan kan tó fi aṣọ wé. Ó tú u. Irin eéje rẹ̀ ni. "Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó kán díẹ̀ ní apá òsì. Gbogbo eéje tí mo tẹ̀ ló ní àlébù níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó."

Wọ́n jáde lọ síbi tí mọ́tò wà. Akọ̀wé ní àwòrán nọ́ńbà ti gbọ̀ngàn lọ́wọ́. Ó tú kóòtù rẹ̀, ó sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èkejì rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹnì kẹta fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń rí. Kò pẹ́, àgbà ọkùnrin mẹ́jọ ló wà nílẹ̀ yí mọ́tò kékeré náà ká, tí ìdí wọn kọjú sí ojú títì. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ bi Aránjókòó pé kí ló sọnù. Aránjókòó ní, "Ẹyọ kan ni. Wọ́n ti ń rí i."

Akọ̀wé sọ̀rọ̀ láti abẹ́ mọ́tò. "Àlébù náà wà níbí. Ó wà nínú àwòrán náà. Ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́." Ó yọ orí. "Bàbá, ta wá ló ṣìṣe?"

Aránjókòó rí Olóǹtẹ̀ tó yíjú wo nọ́ọ̀sì náà, tó sì fi ọwọ́ kan di ìkejì mú.

"Èmi ni. Mo ṣì í. Mo jẹun, mo dé, mo tún un tẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò yìí kò ṣe nǹkan kan ju kó rà á lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i."

Akọ̀wé kọ ọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Olóǹtẹ̀ tì í léjìká. "Kọ ọ́ pé èmi ni. Má kọ 'àwọn òṣìṣẹ́'. Òṣìṣẹ́ kan ni."

Nígbà náà ni òǹkọ̀wé onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ìkíní dé ìkọkàndínlógún, kí ìkẹtàdínlógún jẹ́ méjì. Ó pé ogún. Irin fífúyẹ́ tán. Ó ṣí ìwé rẹ̀ tuntun, ó wo ibì kan, ó pa á dé. "Ojú ìwé mẹ́ta," ó ní. Ó fi ìwé náà gbá orí ara rẹ̀. "Ojú ìwé mẹ́ta!"

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ mọ́tò fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìwádìí fínnífínní tí àwọn fúnra wọn ṣe, àwọn ti rí i pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan làwọn ṣe. Ìyàwó Olóǹtẹ̀ ka ìwé náà fún un títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní kó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n mà gbọ́n o. Ọdún méjìdínlógójì péré ni wọ́n fi ṣèwádìí."

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bó bá jókòó, á jókòó ni. Ife dúró síbi tí wọ́n gbé e sí. Mọ́tò á kọjá lójú pópó, á húkọ́, Olóǹtẹ̀ á ní, "Ó dàbọ̀," kò sì ní dìde. Ìyàwó rẹ̀ wá bá Aránjókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́, ibùsùn ti dákẹ́ jù. Ó ní, "Mo máa ń dìde láti wò ó bóyá ó ń mí."

Ó ń mí fún oṣù márùn-ún sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí àga, ó sùn, kò jí mọ́.

Nọ́ọ̀sì gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìnkú, torí etí ìjókòó ọ̀tún ti ń ya. Ó gbé opó Olóǹtẹ̀ sí ìjókòó kejì wá. Aránjókòó gbé àpótí síta, ó ń rán an. Nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí òun. Wọ́n fẹ́ fi àmì kan kún nọ́ńbà tòun, káyé lè máa dá ìkẹtàdínlógún méjèèjì mọ̀.

Aránjókòó ní, "Kí lo fún wọn lésì?"

"Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ti lọ sinmi, kí ọwọ́ ẹlòmíì má kàn án."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Aránjókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Opó náà ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Níbo gan-an ló wà? Gbogbo bó ṣe ń nà gbalaja sílẹ̀ yẹn, mi ò fojú kàn án rí."

Wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eegun rẹ̀ ń ké. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tọ́ ìka rẹ̀ lọ síbi tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ìka àgbà náà tọ oókan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tọ eéje, ó dé ibi àlébù, ó dúró níbẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Àṣìṣe náà, ó tẹ̀ ẹ́ gún régé."